Kì í ṣe iyọ̀ ló dá àìsàn ọmọ yín padà

Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ ní nephrotic syndrome, àìsàn kíndìnrín tó ń jẹ́ kí purotíìnì jò sínú ìtọ̀ tí ara sì ń wú, tún padà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí ara ọmọ ti yá, ẹ sì ń bi ara yín bóyá iyọ̀ tó jẹ ló fà á. Kì í ṣe iyọ̀. Iyọ̀ a máa jẹ́ kí ara tó ń wú tún wú sí i, àmọ́ òun kọ́ ló ń jí àìsàn náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá ara yín lẹ́bi.

Ọ̀fìnkìn ni ọ̀tá tiwa. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni àìsàn yìí ti padà sára ọmọ mi, ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn ló sì ṣáájú mẹ́rin nínú rẹ̀. Ìkejì ni mi ò lè gbàgbé. Mo rí i pé ara rẹ̀ ti dá, mi ò yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò mọ́. Ọ̀fìnkìn mú un, ó lọ, mo dúpẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló jí tí ìpéǹpéjú rẹ̀ wú débi pé kò lè la ojú, tí ojú ìbọ̀sẹ̀ sì tẹ̀ wọnú ẹsẹ̀ rẹ̀. Purotíìnì ti ń jò sínú ìtọ̀ ọmọ mi kí ojú rẹ̀ tó wú, èmi ni mi ò wò ó.

Láti ìgbà náà, ìtọ̀ àkọ́jí lójoojúmọ́ ni mò ń ti pélébé ìdánwò bọ̀, mo sì ń kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé. Ibà lásán lè mú kí pélébé náà yí àwọ̀ fún ọjọ́ kan kó sì lọ fúnra rẹ̀. Bó bá fi 3+ hàn, ìyẹn ni pé purotíìnì pọ̀ gan-an nínú ìtọ̀, fún ọjọ́ 3 léra, àìsàn náà ti padà nìyẹn: ẹ pe dókítà, ẹ má dúró de wíwú.

Ìgbà tí wọ́n bá ń dín prednisolone, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn yìí, kù náà léwu. Bí àìsàn náà bá padà nígbà náà, tàbí láàárín ọjọ́ 14 tó lò ó tán, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, torí ó lè ní láti fi oògùn mìíràn kún un. Oògùn náà a máa mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tóbi, ó sì máa ń dun ìyá, mo mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹ má dá oògùn náà dúró fúnra yín.

Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé àìsàn náà á máa padà sára wọn, bí tiwọn ṣe rí nìyẹn, pàápàá àwọn tó tún kọlù láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ara wọn kọ́kọ́ yá. Ìyá wọn kò ṣe ohunkóhun tí kò dáa.

Bí ara rẹ̀ bá wú, tí ibà àti inú rírun wá dé pọ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ì báà jẹ́ òru.