Ìdàgẹ̀rẹ̀ ìlà dìmáǹdì: ṣé -5 ni àbí -0.2?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi wà ní SS2, ó ń ṣe Economics. Wọ́n fún wọn ní ìdọ́gba kan nípa dìmáǹdì gàrì, ìyẹn iye tí àwọn èèyàn ń rà bí owó rẹ̀ bá ṣe rí: Q = 250 − 0.2P. P ni owó kóńgò kan ní náírà, Q ni iye kóńgò tí wọ́n ń rà lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní kí wọ́n ya gíráàfù rẹ̀, kí wọ́n sì wá slope rẹ̀, ìyẹn ìdàgẹ̀rẹ̀ ìlà náà. Ọmọ mi kọ -0.2, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ -5. Olùkọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní máàkì, ó fagi lé ti ọmọ mi. Níbo ló ti ṣì í?

ÌDÁHÙN: Ọmọ yín kò ṣi ìṣirò, ìbéèrè mìíràn ló dáhùn. Ìlà tó yà sórí ìwé ni wọ́n ní kó wá ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà tó wà nínú ìdọ́gba ló mú kọ sílẹ̀.

Ní kíláàsì Mathematics, ohun tó ń fa ìyípadà ló máa ń wà lórí ìlà ìbú, èyí tó dùbúlẹ̀. Ohun tó ń yí padà á wà lórí ìlà òòró, èyí tó nàró. Nínú Economics, owó ló ń darí iye ọjà tí a ó rà, síbẹ̀ orí òòró ni wọ́n ń gbé owó sí. Ìwé tí Alfred Marshall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1890 wà lára ohun tó mú àṣà yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìdọ́gba tí wọ́n fún ọmọ yín ní tirẹ̀ fi Q síwájú. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe báyìí. Kó mú owó méjì. Bí kóńgò bá jẹ́ ₦1,000, Q jẹ́ 250 − 200, ìyẹn 50. Bó bá jẹ́ ₦800, Q jẹ́ 250 − 160, ìyẹn 90. Kó sàmì sí ibi méjèèjì, kó fi rúlà so wọ́n pọ̀, kó sì fa ìlà náà kan òòró àti ìbú. Ó gbọ́dọ̀ kan òòró ní 1,250, kó kan ìbú ní 250. Bí kò bá kàn án níbẹ̀, àmì kan ti ṣì.

Ìdàgẹ̀rẹ̀ ni ìyípadà lórí òòró tí a fi ìyípadà lórí ìbú pín. Lórí òòró, 800 − 1,000 jẹ́ -200. Lórí ìbú, 90 − 50 jẹ́ 40. Ẹ fi 40 pín -200, -5 ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n tó lè ra kóńgò kan sí i lójúmọ́, owó gbọ́dọ̀ fi ₦5 wálẹ̀. Kó máa kọ “náírà lórí kóńgò kan” tẹ̀ lé e, torí nọ́ńbà lásán kò sọ nǹkan kan. Bó bá fẹ́ yẹ ara rẹ̀ wò, kó yí ìdọ́gba náà padà kí P dá dúró: P = 1,250 − 5Q.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú jù ni ètò àyọkúrò. Wọ́n á ṣe 800 − 1,000 lókè, wọ́n á wá ṣe 50 − 90 nísàlẹ̀, -5 á di 5. Ibi tí a sàmì sí tí a bá fi bẹ̀rẹ̀ lókè, òun náà la gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Ìlà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún kò lè ṣàì ní àmì àyọkúrò.

Àwọn mìíràn máa ń fi rúlà wọn ìlà náà. Ká ní 2 cm dúró fún ₦200 lórí òòró, 2 cm sì dúró fún 50 kóńgò lórí ìbú. Ẹni tó bá wọn sẹ̀ǹtímítà yóò rí 2 lókè àti 1.6 nísàlẹ̀, yóò sì kọ -1.25. Nọ́ńbà tí a kọ sára òòró àti ìbú la ń kà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn fojú lásán sọ pé ìlà kan ga ju òmíràn lọ: bí a bá yí òṣùwọ̀n padà, ìrísí ìlà á yí, -5 kò ní yí.

Bó bá jẹ́ ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ ni, kó fa ìlà gbọọrọ kan tó fara kan ibi tí wọ́n bi í, kó wá mú àmì méjì tó jìnnà síra lórí ìlà gbọọrọ náà. Kò gbọ́dọ̀ mú un lórí èyí tó tẹ̀.

Kí ọmọ yín má ju -0.2 rẹ̀ nù o. Bí wọ́n bá dé orí elasticity, ìyẹn bí iye tí wọ́n ń rà ṣe ń yí sí bí owó bá yí, òun ni yóò lò: á fi owó sọ ọ́ di púpọ̀, á wá fi iye kóńgò pín in. Ní ₦1,000, -0.2 × 1,000 ÷ 50 jẹ́ -4. Ní ₦400, níbi tí wọ́n ti ń ra 170 kóńgò, ó jẹ́ nǹkan bí -0.47. Ìlà kan náà ni, ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ -5 níbi méjèèjì.