Ṣé Módẹ́ẹ̀mù Ló Burú Ni, Àbí Láìnì Tẹlifóònù?

ÌBÉÈRÈ
Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ní ọdún 2000, mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbàdàn tí àwọn ènìyàn ti ń wá ka lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Láìnì tẹlifóònù ni a fi ń wọlé nígbà náà. 56k ni wọ́n kọ sára módẹ́ẹ̀mù tí mo rà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ láìnì tẹlifóònù (56k túmọ̀ sí bíìtì 56,000, ẹyọ ìsọfúnni tó kéré jù lọ, ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ṣùgbọ́n kò kọjá 28 rí, bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, a ti mọ̀ pé yóò já. Òṣìṣẹ́ tó wá yẹ láìnì wò gbé tẹlifóònù sétí, ó ní kò sí ohun tó ṣe é, pé kí n lọ pààrọ̀ módẹ́ẹ̀mù. Mo bá ẹni tó tà á fún mi jà, mo ra òmíràn, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ra irú kan náà, ó ní òun ń rí 44. Kí ló fà á? Ta ló sì jàre nínú èmi àti ọkùnrin tó tà á fún mi? — Òǹkàwé kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN
Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, módẹ́ẹ̀mù àkọ́kọ́ yẹn kò ní àrùn kankan.

Ohùn ènìyàn ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe láìnì tẹlifóònù. Ìró tó wà láàárín nǹkan bí 300 sí 3,400 Hertz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) nìkan ni ó ń gbà kọjá, ìyẹn sì tó fún ẹni tó ń kí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé bí ariwo bá bo gbólóhùn kan mọ́lẹ̀, ìyá yóò ní kí ọmọ tún un wí, ọ̀rọ̀ yóò sì yé wọn. Módẹ́ẹ̀mù náà ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà di ìró kí ó lè gba ọ̀nà tóóró yìí kọjá, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún bíìtì ni ó ń kó sínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, débi pé ariwo tí etí kò kà sí lè ba púpọ̀ nínú wọn jẹ́. Nígbà tí òṣìṣẹ́ yẹn gbé tẹlifóònù sétí, etí ara rẹ̀ ni ó yẹ láìnì náà wò fún.

Òǹkà 56 yẹn ńkọ́? Inú V.90, ìlànà módẹ́ẹ̀mù tó jáde ní 1998, ni ó wà, àdéhùn kan sì wà nínú rẹ̀ tí àwọn tó ń ta módẹ́ẹ̀mù kì í sábà sọ: láti ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì títí dé ibùdó tẹlifóònù àdúgbò yín, gbogbo ọ̀nà gbọ́dọ̀ jẹ́ díjítà (òǹkà ni wọ́n fi ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, kì í ṣe ìró), kí ó jẹ́ pé wáyà tó ti ibùdó yẹn wọ ṣọ́ọ̀bù yín nìkan ni ó kù tí ó ń gbé ìró lọ bíi ti àtijọ́. Bí wọ́n bá ti yí i padà láàárín ìró àti díjítà níbi méjì lójú ọ̀nà, 33.6 ni òpin, ì báà jẹ́ wúrà ni wọ́n fi rọ módẹ́ẹ̀mù. Láìnì tó mọ́ tónítóní pàápàá kì í dé 56. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó pààlà fún agbára ìró orí wáyà dá a dúró sí 53.3. Nítorí náà, 44 tí àbúrò yín rí, láìnì rẹ̀ ló dára, módẹ́ẹ̀mù rẹ̀ kò sàn ju tiyín lọ. Tiyín tó dúró sí 28 fi hàn pé ọ̀nà yín kò pé díjítà, tàbí pé wáyà yín jìn sí ibùdó, tàbí pé ibi tí wọ́n ti so ó ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ òjò tí ẹ sọ ni ó mú mi gbà pé ìsopọ̀ tó bàjẹ́ wà nínú rẹ̀.

Wáyà bàbà méjì tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń ti ibùdó wá sí ilé oníbàárà, wọ́n sì máa ń so wọ́n níbi púpọ̀ lójú ọ̀nà: nínú ilẹ̀, nínú àpótí ẹ̀bá títì, lórí òpó. Iná tó tó nǹkan bí 48 volt wà lórí wọn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pe ẹnikẹ́ni. Bí ìdérí àpótí bá ti sọnù, tí omi òjò wọ ibi tí wọ́n ti so wáyà, iná yóò máa jò láti ara ọ̀kan bọ́ sára èkejì, láìnì yóò sì máa dún bí ẹni ń dín àkàrà. Omi àti iná yìí á jùmọ̀ máa jẹ bàbà náà títí yóò fi ní ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Bí oòrùn bá ràn, omi á gbẹ, ariwo á dínkù tàbí kí ó lọ pátápátá. Ọjọ́ tí oòrùn ń ràn ni òṣìṣẹ́ sì máa ń dé. Ẹlẹ́rìí ti sá lọ kí adájọ́ tó jókòó.

Ní ti módẹ́ẹ̀mù, nígbà tí ariwo yẹn bá bẹ̀rẹ̀, yóò kọ́kọ́ ní kí ẹnìkejì rẹ̀, ìyẹn módẹ́ẹ̀mù tó wà lápá kejì láìnì, tún ohun tó bàjẹ́ fi ránṣẹ́, yóò dá iṣẹ́ dúró láti tún láìnì wọ̀n, yóò dín eré kù. Bí kò bá sì gbọ́ ìró ẹnìkejì mọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1.4, púpọ̀ nínú wọn á gé ìpè náà.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nígbà náà kò ju pé kí ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lórí láìnì, kí ẹ gbé tẹlifóònù kan ṣoṣo lọ sí ibi tí wáyà ti wọ ilé, kí ẹ tẹ nọ́ńbà kan kí ìró tó máa ń dún bí a bá gbé tẹlifóònù lè dákẹ́, kí ẹ wá tẹ́tí sílẹ̀ nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. (Kí ẹnikẹ́ni má dán èyí wò nígbà tí àrá ń sán.) Bí wọ́n bá ń dín àkàrà níbẹ̀, ìta ni àìsàn wà, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni ó ni ín. Bí ibẹ̀ bá dákẹ́ rọ́rọ́ tí ó sì ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, wáyà inú ilé ni ẹ ó pààrọ̀.

Ọ̀nà kan tún wà nígbà náà tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù kì í fẹ́ gbọ́, nítorí pé eré ni wọ́n fi ń fa oníbàárà: ẹ lè pàṣẹ fún módẹ́ẹ̀mù pé kí ó má gbìyànjú ju 26.4 lọ. Fáìlì tó jẹ́ mégábáìtì kan yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ lórí 33.6, yóò sì gba márùn-ún àti díẹ̀ lórí 26.4. Ṣùgbọ́n bí ó bá já ní ìṣẹ́jú kẹta, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ ó sábà tún un gbà, ẹ ó sì san owó ìpè tuntun.

Ní ti ọkùnrin tí ẹ bá jà, àrá a máa pa módẹ́ẹ̀mù lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí àrá bá pa kì í sábà lè pe nọ́ńbà mọ́. Tiyín ń pè, ó ń wọlé, ó ń dé 28 kí òjò tó rọ̀. Ó jàre yín.