Ṣé ẹni tó bá ka criminology ní yunifásítì máa di ọlọ́pàá tàbí lọ́yà?

Rárá o. Lọ́yà ní láti ka òfin kó sì lọ sí Law School. Ọlọ́pàá ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ohun tí criminology ń wádìí ni ìdí tí èèyàn fi ń dáràn, bí ìlú ṣe ń fìyà jẹ ọ̀daràn, àti ohun tó ń dá ẹni tó ti jáde padà sẹ́wọ̀n. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ká mi lára jù, torí ojoojúmọ́ la ń gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi kọjá. N'Íbàdàn níbí, ẹ̀ka Sociology ní UI ni ẹ ti máa bá criminology pàdé. NOUN (National Open University of Nigeria) ní dìgírì tirẹ̀ lórí criminology àti ètò ààbò, kò sì béèrè máàkì JAMB.