Ṣé Ká Tún Dá Owó Katapílà fún Odò Àdúgbò Wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó, n'Íbàdàn. Odò kékeré kan gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá lọ sínú Odò Ọ̀nà. Nígbà tá a kọ́kọ́ débẹ̀, omi rẹ̀ mọ́ lóló, kì í sì í gbẹ. Ní báyìí, òjò díẹ̀ ló ń sọ ọ́ di pupa, kì í tó wákàtí kan tó fi ń kún dé ẹnu ọ̀nà wa, bó bá sì di ìgbà ọyẹ́, ẹsẹ̀ lásán la fi ń rìn kọjá nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta léraléra la ti ń dá owó katapílà láti kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀, ẹrẹ̀ náà sì ń padà. Àwọn kan ní òjò ló pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwọn kan ní àwọn tó ń kọ́lé lókè ló fà á. Bàbá alága ti ní ká tún dá owó lọ́dún yìí. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé, ẹ kú wàhálà àdúgbò. Ẹ bá mi bẹ bàbá alága kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀, ẹ má tíì gbé owó fún oníkatapílà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹrẹ̀ tí ẹ̀ ń kó, orí ilẹ̀ ló ti wá: láti ojú títì tí wọn ò da ọ̀dà sí, láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, láti oko tí wọ́n dáná sun. Bí ibẹ̀ bá ṣì wà ní ìhòòhò, òjò ńlá mélòó kan ti tó láti dá gbogbo ohun tí ẹ kó padà.

Lábẹ́ igbó tàbí koríko tó dí, ewé ló kọ́kọ́ ń gba òjò sára. Èyí tó bá kan ilẹ̀ á rọra wọlé gba ihò ekòló àti ojú ọ̀nà tí gbòǹgbò ti là sílẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó yó débi tí àgbàrá á fi ṣàn lórí rẹ̀. Ẹ wá ha koríko yẹn kúrò. Ẹ̀kán òjò kọ̀ọ̀kan á máa gbá ilẹ̀ lásán, á máa ta iyẹ̀pẹ̀ sókè. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ ògiri ilé tí àyíká rẹ̀ kò ní koríko lẹ́yìn òjò ńlá: iyẹ̀pẹ̀ pupa tó ta sára ọ̀dà funfun yẹn, òjò ló gbé e láti ilẹ̀ débẹ̀. Èyí tó kúnná jù nínú rẹ̀ á dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí omi ń gbà wọlé, ojú ilẹ̀ á sé, á dì. Láti ìgbà náà lọ, omi tó bá rọ̀ kò rí ọ̀nà wọlé mọ́, àfi kó máa ṣàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òjò mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, lítà omi 1 ni. Pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 tó nǹkan bí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ 465. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀, èyí tí kì í ṣe àjèjì sí wa ní oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹsàn-án, omi tó bọ́ sórí pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo yẹn lé ní lítà 23,000. Ó ju tánkà olómi lítà 10,000 méjì lọ. Nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, ilẹ̀ ló ń mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní báyìí tí páànù gba àárín, tí kọ́ńkéré àti intalọ́ọ̀kì gba ìyókù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló ń já sí gọ́tà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ wá ka iye pulọ́ọ̀tì tí wọ́n ti kọ́ lókè odò yín láti ìgbà tí ẹ ti débẹ̀.

Omi tó ń sáré sì lágbára ju bí ojú ṣe rí i lọ. Òfin àtijọ́ kan wà tí gbogbo àwa tó ń ṣiṣẹ́ odò mọ̀: bí ìyára omi bá di ìlọ́po méjì, òkúta tó lè yí lè wúwo ní ìlọ́po 64. Ìdí nìyẹn tí odò tó jẹ́ pé ewé gbígbẹ ló ń gbé kiri lánàá fi lè gbé búlọ́ọ̀kù lónìí, tó sì tún ń jẹ bèbè ara rẹ̀.

Ohun kan náà ló fa gbígbẹ tó ń gbẹ nígbà ọyẹ́. Omi tó ń ṣàn nínú odò lóṣù kìíní, òjò oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá tó wọ ilẹ̀ ni, tó ń sun jáde díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ti bá gọ́tà lọ kò sí níbẹ̀ mọ́ láti sun. Ó ti bá ọ̀sà lọ.

N'Íbàdàn níbí ni wọ́n ti wọn ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ní àwọn ọdún 1970, Rattan Lal, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, nígbà náà, pín ilẹ̀ sí abala-abala lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí gíga wọn yàtọ̀ síra, ó sì ń wọn omi àti iyẹ̀pẹ̀ tó ń ṣàn kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abala tí wọ́n fi sílẹ̀ lásán ń pàdánù iyẹ̀pẹ̀ gan-an. Èyí tí wọ́n fi koríko gbígbẹ bò, tọ́ọ̀nù 4 sí 6 lórí héktà kan, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù nǹkan kan. Bí ẹ bá pín in, ìlàjì kílò koríko ni, lórí mítà kan níbùú lóòró. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí gbogbo wọn. Ohun tó bo ilẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Lal gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 2020, iṣẹ́ tó ṣe lórí ilẹ̀ oko ló sì gbé e débẹ̀. Ó ń dùn mí pé ìlú tí wọ́n ti ṣe irú ìwádìí yìí ni àgbàrá tún ń dà láàmú.

Àwọn tó ní òjò ni kò sì parọ́. Ẹ̀yin náà ò ní gbàgbé omíyalé odò Ògùnpa ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, tàbí ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí òjò mìlímítà 187.5 rọ̀ láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́rin, tí omi gba orí ìsédò Ẹlẹ́yẹlé kọjá, tí ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì bọ́. Afẹ́fẹ́ tó bá fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i lè gbé oru omi tó fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ayé ṣe ń gbóná yìí, òjò tó bá fẹ́ rọ̀ lè dà lẹ́ẹ̀kan náà ju ti ayé àwọn bàbá wa lọ, bí àpapọ̀ òjò ọdún ò tilẹ̀ yí padà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá tún gùn, tí wọ́n sun igbó, àkọ́rọ̀ òjò á bá ilẹ̀ ní ìhòòhò. Ẹrẹ̀ tó pọ̀ jù, ìgbà yẹn ló sábà máa ń wọ odò.

Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ èyí tó lágbára jù nínú méjèèjì ní odò kékeré bíi tiyín, ilẹ̀ ni mo máa mú. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, ní Burkina Faso àti Niger. Láti ọdún 1970 ni òjò ti dín kù níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀dá mú ènìyàn àti ẹran. Èèyàn á rò pé odò wọn náà á fà. Àmọ́ omi odò Nakambé àti àwọn odò kan tó ń ṣàn wọ Odò Ọya nítòsí Niamey, ńṣe ló pọ̀ sí i. Wọ́n ti pa igbó run di oko, ilẹ̀ ti dì, ìwọ̀nba òjò tó ń rọ̀ kò sì wọlé mọ́. Òjò dín, àgbàrá pọ̀. Mi ò mọ ẹ̀rí tó lè yanjú àríyànjiyàn ìpàdé yín ju ìyẹn lọ.

Ní ti katapílà, ó ní ibi tó wúlò. Bí pàǹtí àti yanrìn bá dí ojú ihò tí omi ń gbà lábẹ́ títì, ẹ kó o kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi falẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ máa gbẹ́ gbogbo odò jìn sí i, kí ẹ máa là á tààrà, ìyẹn ń ba nǹkan jẹ́. Bí ìsàlẹ̀ odò bá jìn, ìdí bèbè á ṣófo, bèbè á wó, ẹrẹ̀ tuntun nìyẹn. Ẹ ó sì ti rí i pé orí bèbè náà ni awakọ̀ katapílà ń da ẹrẹ̀ tó kó sí. Òjò tó bá tẹ̀ lé e ló ń dá a padà.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹrẹ̀ ti ń wá. Ẹ wá ìgò oníke tó mọ́ gaara, kí gbogbo wọn jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Nígbà tí òjò bá ń dá lọ, tí odò ṣì pupa, kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fi okùn sọ garawa láti orí afárá (kí ẹnikẹ́ni má wọnú omi o), kí wọ́n bu omi ní ibi tí odò ti wọ àdúgbò yín, kí wọ́n tún bù ú níbi tí gọ́tà tàbí odò mìíràn bá ti já sínú rẹ̀, títí dé òkè. Ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ sára ìgò, ẹ gbé wọn síbi tí nǹkan kan ò ti ní mì wọ́n di ọjọ́ kejì. Ẹrẹ̀ á ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ìgò. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá pupa tó sì nípọn, títì oníyẹ̀pẹ̀ tàbí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó bá dúdú, ilẹ̀ oko tàbí gọ́tà ni.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ibi méjì tàbí mẹ́ta ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni kí owó katapílà lọ. Bó bá jẹ́ títì tó dagun, ẹ la ojú omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láàárín mítà mélòó kan síra, kí àgbàrá máa yà sínú koríko kó tó kó agbára jọ. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń kọ́lé, ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó má da yanrìn sẹ́bàá gọ́tà, kó sì fi koríko ìsàlẹ̀ pulọ́ọ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ títí ilé á fi parí. Àgbẹ̀ tó wà lókè, ẹ rọ̀ ọ́ kó kọ ebè rẹ̀ dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí poro má dojú kọ odò, kó sì tẹ́ koríko tó bá ro sáàárín ebè dípò kó sun ún. Títẹ́ koríko bo ilẹ̀ yẹn gan-an ni ohun tí wọ́n ṣe ní IITA.

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Nítorí náà, kí ẹ̀yin náà bẹ̀rẹ̀ látinú ọgbà yín: kí omi òrùlé wọ tánkà tàbí kòtò tó ń mu omi, kí intalọ́ọ̀kì má gba gbogbo ilẹ̀. Ní bèbè odò, ẹ gbin eèsún àti igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀, ẹ má gbára lé ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbòǹgbò tirẹ̀ kì í jìn. Àkùrọ̀ tó bá ṣẹ́ kù lẹ́bàá odò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ́ iyẹ̀pẹ̀ dí i tà. Ibẹ̀ ni omi ti ń tẹ́ rẹrẹ, tó ń sinmi, tó sì ń já ẹrẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ má retí pé odò á mọ́ lọ́dún àkọ́kọ́. Yanrìn tó ti wà nílẹ̀ odò tẹ́lẹ̀ á ṣì máa rìn bọ̀ láti òkè fún ọdún mélòó kan, bí ẹ tilẹ̀ ti dí gbogbo orísun rẹ̀. Àwọn kan á sọ nípàdé pé owó ti ṣòfò. Ẹ máa bu omi láwọn ibi kan náà lọ́dọọdún, ẹ kọ ìwọ̀n ẹrẹ̀ ìgò kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹ lè rí ibi tó ti ń dín kù àti ibi tí iṣẹ́ ṣì kù.