Ṣé ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ dín àpò ikùn rẹ̀ kù nítorí ọ̀rá lè mu gààrí Ìjẹ̀bú?

Kò gbọ́dọ̀ mu ún ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni, láìsí ṣúgà. Bí wọ́n bá gé àpò ikùn, ìdá 75 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló máa ń lọ. Gààrí tó bá wú nínú ìyókù á fa inú rírun àti èébì. Ṣúgà tún burú fún ẹni tí wọ́n yí ọ̀nà ìfun rẹ̀ padà: òógùn á bò ó, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, òyì á kọ́ ọ, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e.

Ìkọ́kọrẹ́ sàn jù nígbà tí dókítà bá ti gbà kí ó máa jẹ oúnjẹ rírọ̀, bí ata rẹ̀ kò bá pọ̀. Ẹja inú rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ jẹ, nítorí ara nílò ó kéré tán gíráàmù 60 purotéènì lójúmọ́. Kí ó tó mu omi, kí ó fi ìṣẹ́jú 30 sílẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ.

Ọ̀pọ̀ ń pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara wọn láàárín ọdún kan sí méjì. Díẹ̀ máa ń padà wá, ohun mímu aládùn sì wà lára ohun tó ń fà á. Lílo fítámì B12, áyọ́ọ̀nù (iron) àti kálísíọ́mù di ti ọjọ́ ayé. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dókítà tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe. Bí èébì kò bá dáwọ́ dúró, ilé ìwòsàn ni kíá: àìtó fítámì B1 lè ba iṣan ìmọ̀lára àti ọpọlọ jẹ́.