Rímù Benz àtijọ́: ẹ fi 19 sílẹ̀, ẹ wá 16 tó tọ́

Ẹ kú ìbéèrè o, ọ̀gá mi. Ẹ ní E-Class 2005 yín ṣì le, ẹ́ńjìnì ò ní wàhálà, àmọ́ rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti họ, méjì ń jò, sítíárìn sì ń gbọ̀n tí ẹ bá ti ń sáré kọjá 100. Mẹkáníìkì yín ní kí ẹ jó èyí tó sán pọ̀, kí ẹ kun gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń ta rímù ní kí ẹ kúkú gbé íńṣì 19 dúdú tó ń dán wọlé. Ẹ wá ní ta ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Tèmi ni pé kí ẹ má gbọ́ ti ìkankan nínú àwọn méjèèjì. Irú ọkọ̀ yẹn gan-an ni mò ń wà n'Ìbàdàn níbí, E 320, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ mi débi pé kò sí ohun tí ojú ẹni lè rí lọ́wọ́ rímù tí ojú mi ò tíì rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti gbígbọ̀n yẹn, torí kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó ń gbọ̀n ni rímù ń dà láàmú. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ló ń gbọ̀n, dísìkì ni kí ẹ lọ wò, ẹ má tíì náwó rímù. Tó bá jẹ́ orí sítíárìn lẹ ti ń mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ẹsẹ̀ iwájú ni sábà; tó bá jẹ́ ìjókòó ló ń gbọ̀n yín nídìí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ bálánsì, kí wọ́n yọ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n gbé wọn kọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lọ jókòó sábẹ́ ibòòji o. Ẹ lóṣòó ti ẹ̀rọ náà, kí ẹ tẹjú mọ́ etí rímù tó máa ń kọjú sí abẹ́ ọkọ̀. Etí ti òde ní apá rímù tó gbè é lẹ́yìn. Etí ti inú kò ní nǹkan kan tó gbè é, òun sì ni gálọ́ọ̀pù máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Tí rímù bá tọ́, bó ṣe ń yí, etí rẹ̀ á dúró gbọnin bí okùn tí wọ́n fà le. Tó bá ti tẹ̀, ẹ ó rí i tí ń lọ tí ń bọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ń lẹ òjé mọ́ ọn kò ní sọ fún yín, torí òjé lè mú kí ẹ̀rọ kọ òdo nígbà tí rímù ṣì tẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ó sanwó, ẹ ó gun márosẹ̀, á tún máa gbọ̀n.

Ti jíjò, ìyẹn náà ní oríṣi. Púpọ̀ nínú rímù tòkunbọ̀ tó ń wọlé láti Jámánì tàbí Kánádà ló ti rin orí iyọ̀ rí, torí wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín má baà dì síbẹ̀. Iyọ̀ yẹn á wọ abẹ́ ọ̀dà, á máa jẹ alumíníọ̀mù, á sì yọ ìyẹ̀fun funfun síbi tí ẹnu táyà ti jókòó. Táyà ò ní lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa mọ́, atẹ́gùn á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, fọkanáísà àdúgbò yín á sì di ọ̀rẹ́ yín tipátipá. Ẹ da omi ọṣẹ sí i lára. Tí fòfó bá ń hó yíká etí, iyọ̀ ló jẹ ẹ́: kí wọ́n tú táyà, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ibẹ̀ títí á fi mọ́, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù ẹnu táyà pa á, kò ní ná yín lówó púpọ̀. Tí fòfó bá ń yọ láti ikùn rímù, níbi tí apá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó ti sán nìyẹn.

Rímù tó sán, ẹ má jó o. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń jó alumíníọ̀mù mọṣẹ́, ojú jíjó wọn á sì gún régé. Ṣùgbọ́n iná tí wọ́n ṣètò dáadáa ni wọ́n fi mú rímù le nílé iṣẹ́ tó ti wá, iná wẹ́dà ló sì ń sọ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ di rírọ̀ padà. Ojú jíjó lè mú, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là. Ẹni tó ta ọkọ̀ tèmi fún mi ti jó rímù ẹ̀yìn ọ̀tún kí n tó rà á, ó fi ọ̀dà fàdákà bò ó mọ́lẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, a ti kọjá Ògèrè, mo gbọ́ gbòlà, ìdí ọkọ̀ sì fà sọ́tùn-ún. Mo rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, mi ò tẹ bíréèkì, mo fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tí mo tan iná fóònù sí i, ojú jíjó yẹn wà níbẹ̀ digbí, kò yẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni rímù ti là, ó gùn tó ìka ọwọ́ mi. Ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wà nínú ọkọ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní kí n jó rímù, màá bi í bóyá òun náà á bá wa jókòó sẹ́yìn.

Èyí tó kàn tẹ̀ láì sán yàtọ̀. Àwọn kan ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tì í padà díẹ̀díẹ̀, tí kò bá tẹ̀ jù, ó ń ṣe é. Àwọn olóòlù àti iná gáàsì ni kí ẹ sá fún.

Ó wá ku ti 19 tó ń dán. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Táyà 225/55R16 (fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 225, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga tó ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, rímù rẹ̀ jẹ́ íńṣì 16) ga tó mílímítà 654 láti òkè dé ìsàlẹ̀. 245/45R17 jẹ́ 652, 245/40R18 jẹ́ 653, 245/35R19 jẹ́ 654. Gíga kan náà ni gbogbo wọn, àbí? Ọkọ̀ ò ga sí i. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé irin ń gba àyè rọ́bà. Lórí 16, ẹ̀gbẹ́ táyà tó wà láàárín rímù àti ilẹ̀ tó mílímítà 124. Lórí 17 ó di 110. Lórí 18 ó ku 98. Lórí 19 ó ku 86. Mílímítà 38 lẹ fi tọrẹ kí àwọn tó ń kọjá lè ní rímù yín dára. Ní orílẹ̀-èdè tí títì wọn dán, kò burú. Ní Ìwó Road lẹ́yìn òjò, níbi tí ẹ ò ti mọ bí kòtò ṣe jìn tó lábẹ́ omi, rímù ló máa gbà á, tí kò bá sì gbà á, ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀ṣì ni, àwọn náà ò sì pọ́ọ́kú lára Benz. Ọkọ̀ tó ti tó ogún ọdún, rọ́bà tó nípọn ló nílò. Ẹni tó bá ń wa irú E 55 AMG, ọ̀rọ̀ yìí ò bá a wí, torí bíréèkì tirẹ̀ tóbi, 16 ò ní wọlé síbẹ̀.

Ohun tí ẹ ń wá báyìí ni 16 tó jẹ́ ti W211 gan-an, ìyẹn irú E-Class yín tí wọ́n ṣe láti 2002 sí 2009. Ẹ dojú rímù bolẹ̀ kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rí ohun tó jọ 7.5Jx16 H2 ET42, àti nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A 211 401. Wọ́n dà á pọ̀ mọ́ irin ni, kì í ṣe sítíkà. Èyí tí wọ́n ṣe fara wé e lè ní ìràwọ̀ Benz láàárín, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣófo tàbí kó ní ìwọ̀n nìkan láìní nọ́ńbà, kì í sì í pẹ́ tẹ̀. ET yẹn ni iye mílímítà tí ojú tó lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù fi jìnnà sí àárín rímù. Tó bá kéré jù, táyà á yọ síta, á máa ha mọ́dígáàdì. Tó bá pọ̀ jù, á wọ inú lọ bá àwọn irin abẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ jù ni ti ihò bóòtì. Ti Benz jẹ́ 5x112, ìyẹn ihò márùn-ún lórí òbìrí tó fẹ̀ tó mílímítà 112, ihò àárín rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 66.6. Ti Camry àti ọ̀pọ̀ Lexus jẹ́ 5x114.3, ihò àárín jẹ́ 60.1. Ẹnìkan á sọ fún yín pé mílímítà méjì péré ló fi yàtọ̀, pé òun á bá yín fẹ ihò àárín, bóòtì á sì wọlé. Á wọlé lóòótọ́. Á wọlé ní ìdàgẹ̀rẹ̀, á dà bíi pé ó fún, á sì máa tú fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe ń wà á lọ. Ti Passat jẹ́ 5x112 bíi ti Benz, àmọ́ ihò àárín rẹ̀ jẹ́ 57.1, kò lè gun họ́ọ̀bù yín. Èyí tó máa ń tan àwọn tó mọ Benz pàápàá jẹ ni rímù W210, ìyẹn E-Class tó ṣáájú tiwa. Ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiwa mu, ó jókòó dáadáa, àfi pé M12 ni bóòtì W210 (ó nípọn tó mílímítà 12), M14 ni tiwa, ojú ihò tí orí bóòtì ń jókòó sí sì kéré sí tiwa. Kí ẹ má gbà á, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fi ṣe èènì.

Tí ẹ bá dé Ààrarómì ní Gate, tàbí Ládìípọ̀ ní Mushin tí ẹ bá ń lọ Èkó, ẹ bèèrè èyí tí wọn ò tíì kùn. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Rímù tòkunbọ̀ tó họ, tó rí pálapàla, tó ní ìdọ̀tí bíréèkì lára, kò ní ohun tó ń fi pa mọ́. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní fàdákà tó ń dán ni kí ẹ fura sí. Ẹ fi èékánná rìn yíká ikùn rẹ̀ nínú. Níbi tí wọ́n bá ti jó o, èékánná á kọ́, bó ti wù kí ọ̀dà bò ó tó. Ẹ gba mẹ́rin tó ti ara ọkọ̀ kan náà wá, kí ẹ sì bá oníṣòwò náà ṣàdéhùn pé ẹ ó gbé e kọ́ ẹ̀rọ bálánsì kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá bínú sí ìyẹn, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Mi ò ní dá iye kankan, torí kí ẹ tó ka èyí tán, owó rẹ̀ lè ti yí padà.

Ọ̀dà ò ní láárí. Ẹ kùn ún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, kí ẹ má kun ojú tó ń lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù.

Bóòtì tó wá pẹ̀lú ọkọ̀ yín ni kí ẹ lò. Orí rẹ̀ rí róbótó lábẹ́. Àwọn tí wọ́n ń tà mọ́ rímù àfarawé sábà máa ń ṣóńṣó, méjèèjì ò ṣeé fi rọ́pò ara wọn. Ẹ má sì gba èyí tó gùn jù. Bíréèkì tí ẹ fi ń dá ọkọ̀ yìí dúró tí ẹ bá páàkì wà nínú dísìkì ẹ̀yìn, bóòtì tó gùn jù á lọ máa ha á nínú.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ dè é, ẹ sọ pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ tú táyà, kí wọ́n má fi ọ̀pá irin àti òòlù fọ́ etí rímù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Òjé alẹ̀mọ́ inú ni kí wọ́n lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ etí. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT lára táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019, ohunkóhun tí ẹni tó ń tà á bá sọ. Nínú àwọn irinṣẹ́ tó bá ọkọ̀ wá, ọ̀pá kékeré kan wà tí wọ́n ń dè sínú ihò bóòtì òkè kí wọ́n lè fi rímù kọ́. Tó bá ti sọnù, ẹ wá òmíràn, ẹ̀yìn yín á dúpẹ́. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú họ́ọ̀bù. Kí wọ́n má fi òróró tàbí gírísì sí bóòtì. Kí wọ́n máa dè é ní ìdàkejì síra wọn, kó le dé 130 Nm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń de bóòtì), pẹ̀lú sípánà tó ń ka ìwọ̀n yẹn, kì í ṣe ìbọn atẹ́gùn tí ọmọ iṣẹ́ máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi ké. Ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn bíi kìlómítà 50 sí 100. Ìwọ̀n atẹ́gùn wà lẹ́yìn ọmọrí ibi tí ẹ ti ń da epo.

Ohun kan tó kù: 2005 yín ṣì ní bíréèkì oníná tí wọ́n ń pè ní SBC. Ó lè tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀ láì sí ẹni tó fẹsẹ̀ kàn án. Bí wọ́n bá yọ rímù, kí ẹnikẹ́ni má ki ọwọ́ bọ kálípà, kó má sì yọ páàdì, àyàfi tí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà bá ti pa á kú.

Tí ẹ bá ti rí èyí tí ẹ fẹ́ rà, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó. Iwájú rẹ̀ ò pọn dandan.