Kí ló ń dá ẹ̀wà dúró lẹ́nu àrọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, inú kẹ́ẹ̀gì ni mo máa ń rọ ẹ̀wà gbígbẹ sí kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Orí ike omi tí mo gé ni mo fi ń ṣe àrọ. Ẹ̀wà náà á kàn dúró lójijì. Bí mo bá fi ọwọ́ tì í láti òkè, ńṣe ló tún ń le sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbá àrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún máa dà. Kò sí omi níbẹ̀, kò sì sí gọ́ọ̀mù. Kí ló fà á? Ìyá ẹlẹ́wà kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ẹ̀wà yín kò lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n fẹ̀yìn ti ara wọn ni. Bí ẹ bá yọjú wo ẹnu àrọ láti ìsàlẹ̀, ẹ ó rí hóró bíi mélòó kan tí wọ́n forí kora, tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun: èyí tó wà lọ́tùn-ún ń ti ti òsì, ti òsì ń tì í padà, ara àrọ sì gbé ìyókù ẹrù náà. Ọwọ́ tí ẹ fi ń tì í láti òkè kàn ń fún wọn mọ́ra sí i ni, nítorí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n kọjú sí. Ẹ̀gbẹ́ ni wọn kò múra dè. Bí hóró kan ṣoṣo bá yẹ̀ níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tú.

Ẹ má rò pé bí ẹ bá da ẹ̀wà púpọ̀ lé e, ìwúwo rẹ̀ á lé tìsàlẹ̀ jáde. Ní 1895, Janssen, ará Jámánì, wọn ẹrù ọkà nínú àká tó kàn fún ìdánwò, ó sì rí i pé bó ti wù kí ọkà ga tó, ẹrù tó ń dé ìdí àká ní ibi tó ń dúró sí, torí pé ògiri ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù.

Nínú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ ti mì dáadáa tí ẹ̀wà fi há mọ́ra, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Osborne Reynolds, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1885 pé kí hóró tó há mọ́ra tó lè yí, ó ní láti gun orí ẹnìkejì rẹ̀, èyí tó ń fẹ́ àfikún àyè; kẹ́ẹ̀gì tó kún kò sì ní àyè kankan láti fún un. (Ìdí kan náà ló ń jẹ́ kí iyanrìn tútù etí òkun dà bíi pé ó gbẹ yí ẹsẹ̀ ẹni ká: àyè ṣí láàárín hóró, omi sì wọlé síbẹ̀.)

Ẹnu ike omi kò ju nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta fífẹ̀ hóró ẹ̀wà lọ. Ẹ wá èyí tí ẹnu rẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà, ìdúró náà á dín kù gan-an.